Fíìmù Àgbéléwò Márùn-ún Tí Ọjọ́ Kò Borí: Ìtàn àti Ipò Wọn

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́ òpin, tí ọyẹ́ sì gbòde, àwọn olólùfẹ́ eré Yorùbá a máa ṣe ìṣirò àwọn fíìmù tí ó jáde láàárín oṣù méjìlá. Ọ̀kan nínú wọn á ní èyí ni ó gbayì jù. Èkejì á ní irọ́ ni, tọ̀hún ni. Àwọn ìwé ìròyìn a máa tò wọ́n láti orí ìkíní títí dé orí ìkẹwàá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa fi ọ̀rọ̀ náà jiyàn ní àkókò ìsinmi. Àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ dára, nítorí pé ẹni tí ó bá lè sọ ìdí tí òun fi fẹ́ràn eré kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lámèyítọ́.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ọdún kan kì í pẹ́ yẹ̀. Nígbà tí fíìmù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ariwo ìpolówó ṣì ń dún létí, ojú àwọn òṣèré ṣì wà lára ògiri káàkiri ìgboro, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń yìn ín nítorí pé àwọn ẹlòmíràn ń yìn ín. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, orúkọ rẹ̀ lè ti pa rẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nítorí náà, ètò tí ó wà nísàlẹ̀ yìí kò gbára lé ọdún kan ṣoṣo. Fíìmù àgbéléwò márùn-ún ni, tí wọ́n jáde láàárín 1993 sí 2008, tí a sì fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀n. Ọ̀rọ̀ wo ni fíìmù náà bá àwùjọ sọ? Irú èdè Yorùbá wo ni ó fi sọ ọ́? Kí ni ó ṣẹ́kù nínú ayé àwọn ènìyàn lẹ́yìn tí ariwo lọ tán? Kí a tó dé orí wọn, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí eré gbà dé inú ilé.

Ọ̀nà tí eré gbà wọlé

Fíìmù àgbéléwò kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọmọ eré alárìnjó ni. Ní 1944, Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ́sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré olórin kan kalẹ̀ fún ìjọ kan ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ní 1945 ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ó sì sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e: Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí, Mósè Ọláìyá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé ẹgbẹ́ wọn káàkiri, láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn ilé ìwé dé ààfin ọba. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, eré wọn tún rí ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé.

Lẹ́yìn èyí ni fíìmù ńlá ti ilé sinimá dé. Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní 1976, ni wọ́n sábà máa ń kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní 1979, Ògúndé gbé Ayé jáde, àwọn ènìyàn sì ya lọ wò ó bí omi. Àmọ́ iṣẹ́ náà wọ́n púpọ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra fíìmù tí a ń ki sínú kámẹ́rà, òkè òkun náà ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní 1986, tí owó náírà sì já wálẹ̀, agbára ọ̀pọ̀ òṣèré kò ká a mọ́. Àwọn ilé sinimá pẹ̀lú ń kógbá sílé, nítorí pé ẹ̀rù olè kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn fẹ́ rìn lóru mọ́.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fò dá. Ní 1982, Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ni ó sì darí rẹ̀. Kí ẹni tí ó ni fíìmù tó rí èrè rẹ̀ jẹ, àwọn kan ti jí i dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á. Gbèsè bo Bàbá Sàlá mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tí ó ti ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín kò rí ẹni bá a san owó tí ó yá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ korò: kí àwọn òṣèré tó mọ̀ pé inú ilé ni ọjà wà, àwọn olè ti mọ̀. Àwọn olè ni ó kọ́kọ́ sọ fíìmù Yorùbá di ohun tí à ń jókòó ti nínú yàrá ìgbàlejò.

Nígbà tí ó yá, àwọn òṣèré fúnra wọn gbá kásẹ́ẹ̀tì mú. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé Ṣoṣo Méjì tí Adé Ajíbóyè ṣe ní 1988 wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kámẹ́rà fídíò yà. Ẹkùn ti Aládé Arómirẹ́ tẹ̀lé e ní 1989. Ní ọdún 1989 kan náà ni Kenneth Nnebue, oníṣòwò ọmọ Igbo, náwó sórí Àjẹ́ Ni Ìyá Mi, tí Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá kópa nínú rẹ̀. Nnebue yìí kan náà ni ó gbé Living in Bondage jáde ní èdè Igbo ní 1992, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn Nollywood láìdárúkọ Yorùbá ti gbàgbé ilé ìwé tí oníṣòwò náà ti kẹ́kọ̀ọ́.

Ipò karùn-ún: Jénífà (2008)

Fúnkẹ́ Akíndélé ni ó gbé e jáde, òun náà ni ó sì ṣe Jénífà. Ọmọbìnrin láti ìgbèríko ni, tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí ojú ń tì nítorí orúkọ àti ìṣe rẹ̀, tí ó sì fẹ́ dà bí àwọn ọlọ́lá tí ó bá níbẹ̀. Ó pa orúkọ dà, ó pa ìwà dà, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò sì dùn.

Ohun tí fíìmù yìí ṣe ni pé ó rẹ́rìn-ín sí ìtìjú tí àwọn ọ̀dọ́ ń ní nípa ibi tí wọ́n ti wá. Gẹ̀ẹ́sì àmúlùmálà tí Jénífà ń sọ mú gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ẹ̀dá ìtàn náà kò ní àlàáfíà nínú èdè kankan. Yorùbá rẹ̀ ń tì í lójú, Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 2009, Akíndélé gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tí ó dára jù lọ níbi ìdíje fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, AMAA, nítorí ipa yìí. Jénífà sì tún padà wá gẹ́gẹ́ bí eré àtìgbàdégbà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìdí tí kò fi kọjá ipò karùn-ún ni pé ẹ̀rín rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó kọ́ bí Jénífà ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó rántí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe parí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ipò kẹrin: Kòṣeégbé (1995)

Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Kòṣeégbé gẹ́gẹ́ bí eré orí ìtàgé. Túndé Kèlání, ayàwòrán tí ó ti fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ fún àwọn àgbà òṣèré ní ìgbà fíìmù ńlá, gbé e sórí fídíò lábẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀, Mainframe. Ìtàn náà dá lé ọ̀gá aṣọ́bodè kan tí kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, àti àwọn ọ̀bàyéjẹ́ tí wọ́n gbìmọ̀ pọ̀ láti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ fíìmù ń fi owó òjijì dá àwọn ènìyàn lọ́rùn, Kòṣeégbé béèrè ohun mìíràn: ta ni yóò gbèjà olóòótọ́ bí gbogbo ọ́fíìsì bá ti bàjẹ́? Ìbéèrè yìí kò tíì gbó. Èdè Ìṣọ̀lá, tí ó kún fún òwe àti àwàdà, mú kí ó ṣeé gbọ́ bí ó ti ṣeé wò. Bí ó ti wù kí ó rí, òórùn ìtàgé ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó gbé ìtàn náà dúró ju àwòrán lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ́ta tí ó kù fi ṣíwájú rẹ̀.

Ipò kẹta: Ó Le Kú (1997)

Ìwé ìtàn àròsọ Ó Le Kú, tí Ìṣọ̀lá kọ, jáde ní 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, wà láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Kò mọ èyí tí yóò fẹ́, àìlèpinnu rẹ̀ sì di ẹkún fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà ni Kèlání sọ ọ́ di fíìmù.

Ìran tí kò ka ìwé náà rí fíìmù rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n wò ó nìkan, wọ́n wọ̀ ọ́ sọ́rùn. Ìró àti bùbá kúkurú tí àwọn ọmọge inú fíìmù náà wọ̀, èyí tí ó ti kúrò lóde, padà wá sí òde ìnáwó. Àwọn aránṣọ sọ ọ́ ní Ólekú, orúkọ náà sì dúró. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìwé ìtàn àròsọ kan tó di orúkọ aṣọ.

Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àléébù wà. Aṣọ ni ọ̀pọ̀ rántí, wọn kò rántí ẹ̀bi Àjàní. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìlàjú kò kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìpinnu. Ẹni tí ó wo fíìmù náà nìkan lè rí ìfẹ́ àti oge. Fún kíláàsì lítíréṣọ̀, kò sí méjì tí ó dára tó ìwé yìí àti fíìmù rẹ̀ láti fi wé ara wọn: ibi tí àwòrán ti borí ọ̀rọ̀, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti borí àwòrán.

Ipò kejì: Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ (1993)

Àkọlé fíìmù yìí rán ènìyàn létí Sáàmù kẹrìnlélógún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn babańlá ni ó ń sọ. Ìjòyè kan, Aṣíyanbí, tí Kareem Adépọ̀jù tí a mọ̀ sí Bàbá Wándé ṣe ipa rẹ̀, lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn láti ta ilẹ̀ tí kò ṣeé tà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí ó lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ìjòyè yìí sì ń sá kiri, kò fẹ́ kí tirẹ̀ kàn án.

Bàbá Wándé ti wà nínú ẹgbẹ́ eré Oyin Adéjọbí. Nítorí náà, nínú fíìmù yìí, ọgbọ́n alárìnjó àti ọgbọ́n kámẹ́rà pàdé. Èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì ń bà á. Kí ó tó jáde, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń wo fídíò bí iṣẹ́ àwọn tí kò rí owó fíìmù ńlá ná. Lẹ́yìn rẹ̀, ó nira láti sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó fi hàn pé kásẹ́ẹ̀tì tí à ń tà ní Ìdúmọ̀tà lè gbé ọ̀rọ̀ tí ó wúwo. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán. Títí di òní, kò sí ìlú Yorùbá kan tí ìjà ilẹ̀ kò sí, kò sì sí ẹbí tí kò mọ Aṣíyanbí tirẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti èyí tí ó wà níwájú rẹ̀, òun ni ipò kìíní ìbá tọ́ sí.

Ipò kìíní: Ṣaworoidẹ (1999)

Ìṣọ̀lá ni ó kọ ọ́, Kèlání ni ó darí rẹ̀. Ní ìlú Jogbo, àdéhùn àtayébáyé wà láàárín ọba àti ìlú. Adé idẹ wà, ìlù ṣaworoidẹ wà. Ọba tí yóò jẹ gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kí ó sì bá ìlú mulẹ̀ pé òun kò ní dalẹ̀. Ọba tí kò bá ṣe ètùtù náà, bí wọ́n bá lu ṣaworoidẹ nígbà tí adé wà lórí rẹ̀, yóò bá a lọ. Lápitẹ́, tí Kọ́lá Oyèéwọ̀ ṣe, fẹ́ jẹ ọba kí ó lè jẹ owó. Ó kọ ìmulẹ̀. Àwọn agégẹdú ń kó igbó ìlú lọ, ọba àti ìjòyè ń pín owó, àwọn ọ̀dọ́ dìde. Nígbà tí ó yá, ológun kan, Lágàta, fi ìbọn gba ìtẹ́. Òun náà dé adé. Ìlù dún. Ìbọn kò lè gbà á lọ́wọ́ ìlù.

Kò sí ẹni tí ó wo fíìmù yìí ní 1999 tí kò mọ ìlú tí Jogbo dúró fún. Ọ̀gágun Sani Abacha kú ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999, àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Láàárín ìrètí àti ìfura yẹn ni Ṣaworoidẹ jáde. Kò dárúkọ ààrẹ kankan, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fi àrokò sọ ọ́: ìlù ni àdéhùn, adé ni agbára, bí agbára bá sì kọ àdéhùn, agbára ni yóò pa ara rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ àrà ni pé kò sọ pé ológun nìkan ni ọ̀bàyéjẹ́. Kí Lágàta tó dé, Lápitẹ́ ti wà níbẹ̀. Bí àwọn ará ìlú bá rò pé ìṣòro parí ní ọjọ́ tí ológun lọ, fíìmù náà ti kìlọ̀ fún wọn.

Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀wé, ni ó ṣe Ọ̀pálábà, arúgbó tí ó ń fi òwe àti àdììtú sọ òtítọ́ níwájú ọba. Nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, èdè Yorùbá kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lára fíìmù náà. Òun ni ohun ìjà ẹni tí kò ní ìbọn. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Afọláyan tí í ṣe Adé Love, wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí ó kópa níbẹ̀. Òun náà di olùdarí ńlá lẹ́yìn náà. Agogo Èèwọ̀, tí ó jáde ní 2002, tẹ̀ síwájú nínú ìtàn Jogbo. Títí di òní, bí àwọn olóṣèlú bá dalẹ̀, ẹnì kan á ní wọ́n jọ Lápitẹ́. Fíìmù tí orúkọ ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ bá di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn ti kúrò ní ohun tí ọdún kan lè dá lẹ́jọ́.

Àwọn tí kò sí nínú ètò yìí

Ẹnì kan lè bínú pé iṣẹ́ Kèlání jẹ́ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ̀hónú náà tọ́ láti gbé yẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní àwọn ọdún 1990, fíìmù oògùn àti àjẹ́ ti Yẹkínì Ajíléye ni àwọn ọmọdé ń wò tí wọn kò fi lè dá sùn. Bí ó bá jẹ́ pé èrò àti ìbẹ̀rù ni a fi ń wọn fíìmù, tirẹ̀ ni ìbá ṣíwájú. Àwọn eré bẹ́ẹ̀ sì ní iyì tiwọn, nítorí pé ọfọ̀ àti àyájọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro kò gbọ́ rí wà nínú wọn.

Àmọ́ ìdí tí àwọn mẹ́rin yẹn fi dúró kì í ṣe kámẹ́rà nìkan. Ó ṣe kedere pé níbi tí òǹkọ̀wé ti wà lẹ́yìn fíìmù, fíìmù náà kì í tètè gbó. Ìṣọ̀lá wà lẹ́yìn mẹ́ta nínú wọn. Ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà náà ni wọ́n sáré yà, tí wọ́n pín sí apá kìíní àti apá kejì kí owó lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì, tí ìtàn inú wọn kò sì tó apá kan. Èyí ni ẹ̀kọ́ tí ètò yìí ń kọ́ni: kálàmù ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé, kí kámẹ́rà tó dé.

Ohun tí ó wà nílẹ̀

Kásẹ́ẹ̀tì ti lọ, àwo VCD tí ó gba ipò rẹ̀ náà ti lọ. Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde lórí Netflix ní 2022, Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ tẹ̀lé e ní 2023, àwọn ènìyàn ní òkè òkun sì ń gbọ́ Yorùbá nínú yàrá wọn. Ìye àwọn tí ó wò ó ni wọ́n fi ń tò wọ́n báyìí. Ìbéèrè mẹ́ta ti òkè yẹn ṣì ń dúró dè wọ́n.

Ewu kan sì wà tí ó ju ti ipò lọ. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kì í pẹ́ láyé. Ọ̀rinrin ń hù ú ní èbu, àwòrán inú rẹ̀ ń ṣá. Kì í ṣe gbogbo fíìmù àwọn ọdún 1990 ni wọ́n dà kọ sórí ohun tuntun. Bàbá Sàlá, Fálétí àti Ìṣọ̀lá ti lọ: Fálétí ní 2017, àwọn méjèèjì tí ó kù ní 2018. Bí iṣẹ́ wọn bá tún tẹ̀lé wọn, kò ní sí ohun tí ìran tí ń bọ̀ yóò fi jiyàn mọ́.

Olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ àgbà kan nínú ilé rẹ̀ pé fíìmù wo ni kò lè gbàgbé, àti ìdí rẹ̀. Kí wọ́n wá fi ìbéèrè mẹ́ta náà wọn ohun tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n tò ó, kí wọ́n sì jà fún ètò tí wọ́n tò. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á yí gbogbo ipò tí ó wà níbí padà. Kò burú. Fíìmù tí a ṣì ń jà lé lórí kò tíì kú. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè mọ́, òun ni ó ń kú lọ. Ẹ jẹ́ kí a tètè béèrè.